Ọjà ní kò tó nǹkan, ẹni tó ni ín ní òun kò tà: Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ tó ń dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín ẹbí

Kò sí ìlú tàbí abúlé kan nílẹ̀ Yorùbá lónìí tí àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù kò dé. Wọ́n á ti ọmọlanke wọn wọ àdúgbò, wọ́n á máa pariwo ọjà wọn. Ìkòkò tó ti lu, ẹ̀rọ amúnáwá tó ti kú, kẹ̀kẹ́ tí kò ní táyà mọ́, kò sí èyí tí wọn kì í rà. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú wọn máa ń wá jù lọ ni ọkọ̀ àtijọ́ tó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tàbí tó wà lẹ́yìnkùlé bàbá àgbà kan. Bí wọ́n bá ti fojú kàn án, wọ́n á béèrè ẹni tó ni ín, wọ́n á sì dá owó lé e. Owó irin ni wọ́n máa ń dá lé e o, kì í ṣe owó ọkọ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ á ní kí bàbá gba owó náà, kí àgbàlá lè fẹ̀, kí ejò àti eku lè rí ibòmíràn gbé. Bàbá á ní ẹni tó bá fọwọ́ kan ọkọ̀ òun, òun pẹ̀lú rẹ̀ ló kù. Àwọn ọmọ á máa rò ó pé ọjọ́ ogbó ló ń da bàbá láàmú. Bàbá náà á máa rò ó pé àwọn ọmọ òun kò mọ ibi tí òun ti ń bọ̀. Nígbà tí bàbá bá sì fi máa pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú ilẹ̀, wọ́n á ti ta ọkọ̀ náà, owó rẹ̀ lè má ju èyí tí wọ́n á fi san gbèsè kánópì àti àga tí wọ́n fi ṣe ìsìnkú.

Ta ló jàre nínú ọ̀rọ̀ yìí? Èèló tiẹ̀ ni ọkọ̀ tó ti lo ogójì tàbí àádọ́ta ọdún? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Ó ti dé iwájú ààrẹ orílẹ̀-èdè kan rí, ó sì ti dé ilé olùkọ́ kan lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n ṣe sí i lè kọ́ ọ̀pọ̀ ẹbí níbí lọ́gbọ́n.

Ààrẹ tí kò gba mílíọ̀nù kan dọ́là

José Mujica ni orúkọ ààrẹ náà. Òun ló ṣèjọba lórílẹ̀-èdè Uruguay, ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti ọdún 2010 sí 2015. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó wà lára àwọn ajìjàgbara tó gbé ìbọn, wọ́n sì fi í sẹ́wọ̀n fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá kó tó gba òmìnira lọ́dún 1985. Nígbà tó di ààrẹ, kò kó lọ sí ààfin. Inú oko rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ìlú Montevideo, níbi tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ń gbin òdòdó, ló jókòó sí. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó oṣù rẹ̀ ló sì ń fi tọrẹ.

Nígbà tó gorí àléfà, ó ní láti kéde ohun ìní rẹ̀ bí òfin ṣe wí. Ohun tó kọ sílẹ̀ lọ́dún 2010 kò ju ọkọ̀ kan ṣoṣo lọ, Volkswagen ti ọdún 1987, irú èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní Ìjàpá nílẹ̀ wa. Iye tí wọ́n kọ sí i ni 1,800 dọ́là.

Lọ́dún 2014, Mujica sọ fún ìwé ìròyìn kan nílùú rẹ̀ pé ọlọ́lá kan láti ilẹ̀ Lárúbáwá ti fi mílíọ̀nù kan dọ́là lọ òun lórí ọkọ̀ náà. Bí wọ́n bá ṣírò rẹ̀, ìlọ́po ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta iye ọkọ̀ náà ni, ó tún lé. Ní àkọ́kọ́, ó fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní bí òun bá gba owó náà, àwọn tí kò ní ilé lórí ni òun máa fi ṣe ìrànlọ́wọ́ fún, ó sì ní ajá òun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tó ń jẹ́ Manuela, ṣì nílò ọkọ̀. Ìgbà tó yá ló wá sọ ohun tó wà nídìí rẹ̀ gan-an. Àwọn ọ̀rẹ́ ló dáwó jọ tí wọ́n fi ra ọkọ̀ náà fún òun àti ìyàwó òun. Bí òun bá tà á, gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ yẹn ni òun fi àbùkù kàn. Báyìí ni kò ṣe tà á. Ó kú ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, lẹ́ni ọdún 89.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí kò yẹ kó fo èèyàn ru. Ọlọ́lá tó mú mílíọ̀nù kan dọ́là wá kò wá ra Ìjàpá. Ìjàpá kún ayé. Ohun tó wá rà ni orúkọ Mujica, ìwà ìtẹ́lọ́rùn rẹ̀, àti ìtàn tó rọ̀ mọ́ ọkọ̀ náà. Ìtàn yìí kan náà ló sọ owó ọkọ̀ náà di ńlá lójú ẹni tó fẹ́ rà, òun náà ló jẹ́ kí ẹni tó ni ín má lè tà á.

Ọkọ̀ tí ìyàwó olùkọ́ ń gbé lọ síbi iṣẹ́

Ti ìdílé Kiernan lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tún yàtọ̀. Lọ́dún 1968, wọ́n gbé fíìmù kan jáde tí wọ́n pè ní Bullitt. Nínú rẹ̀, gbajúmọ̀ òṣèré Steve McQueen wa ọkọ̀ Ford Mustang kan ní ìwàkuwà lórí àwọn òkè ìlú San Francisco. Lẹ́yìn ìgbà náà, ọkọ̀ yìí bọ́ sọ́wọ́ aráàlú. Lọ́dún 1974, ọkùnrin kan rí ìpolówó rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, ó sì rà á ní 6,000 dọ́là. Kò gbé e pamọ́ o. Ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́ ló ń wà á lọ sí ilé ìwé.

Lọ́dún 1977, Steve McQueen fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà sí ọkùnrin náà pé òun fẹ́ ra ọkọ̀ náà padà. Kò dá a lóhùn bó ṣe fẹ́. Ọdún ń gorí ọdún, ọkọ̀ náà wà nílé, kò rìn mọ́, àwọn tó fẹ́ràn fíìmù náà sì ń wá a káàkiri láìmọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Bàbá yìí kú lọ́dún 2014. Ọmọ rẹ̀ ló tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kò kùn ún ní ọ̀dà tuntun, kò sì na ibi tó ti kọ tàbí ibi tó ti há. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí gbàǹjo ní ìpínlẹ̀ Florida ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, iye tí wọ́n rà á lé ní 3,700,000 dọ́là.

Ìdílé náà fi ọkọ̀ yìí sọ́wọ́ fún ọdún 46. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ó ti tó ìgbà tí owó ìbá wúlò fún wọn. Wọn kò tà á nígbà tí ẹni tó lórúkọ jù lọ wá rà á. Ọmọ ló wá tà á nígbà tí bàbá ti lọ, nígbà tó sì ti mọ iye tó tọ́ sí i. Bàbá kò ṣẹ̀, ọmọ náà kò sì ṣẹ̀. Ohun tó gbà wọ́n là ni pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ta ọkọ̀ náà ní ìtàkutà.

Ọdún Udoji àti ọkọ̀ tuntun

Bí wọ́n bá dárúkọ ọdún 1975 fún àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì nílẹ̀ wa, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí wọn lẹ́nu. Ọdún náà ni àjẹsílẹ̀ owó Udoji bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Oṣù kẹta ọdún yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kaduna, tí ti Volkswagen náà sì bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà Badagry l'Ékòó. Kò pẹ́ tí olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé kọ́ọ̀tù, tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ tàbí ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn tẹ́lẹ̀, fi ń gbé ọkọ̀ tuntun wọ abúlé. Ìjọba ń yá òṣìṣẹ́ lówó ọkọ̀, wọ́n sì ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀.

Ìjàpá ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ rà. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, atẹ́gùn ló sì ń tù ú, kì í mu omi. Ẹni tó ń gun òkè Èkìtì tàbí Ìjẹ̀ṣà pẹ̀lú rẹ̀ kò ní máa wá omi kiri torí pé ọkọ̀ gbóná. Ilé iṣẹ́ Volkswagen tún to èyí tí wọ́n pè ní Igala, ọkọ̀ tó jẹ́ pé orílẹ̀-èdè Brazil ni wọ́n ti yọ àwòṣe rẹ̀, Brasília ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ti àwọn tó rí já jẹ ni Peugeot 504, tí tẹrú-tọmọ ń pè ní Píjò. Ilẹ̀ Faransé ló ti kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1968, wọ́n sì fi joyè ọkọ̀ tó dára jù lọ ní Yúróòpù fún ọdún 1969. Lọ́dún 1983 ni ilẹ̀ Faransé dáwọ́ ṣíṣe ọlọ́bọ̀ọ́tù rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n Kaduna ṣì ń to o jọ wọ inú ọ̀rúndún tó wà lóde yìí. Èyí tó gùn lẹ́yìn nínú rẹ̀ ló kó èrò káàkiri Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ti Mẹ́sí ọlọ́yẹ́, èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù bí ọyẹ́, ẹni tó bá gùn ún nígbà náà, olówó ni.

Ọ̀rọ̀ yí padà lọ́dún 1986, nígbà tí ìjọba gbé ètò tí wọ́n pè ní SAP dé. Owó náírà já wálẹ̀, owó ọkọ̀ tuntun sì fò lọ sókè réré. Olùkọ́ tó ra ọkọ̀ tuntun lọ́dún 1976 kò lè sún mọ́ òmíràn mọ́. Tọ̀kúnbọ̀ ló gba ojú títì. Èyí ló fà á tó fi jẹ́ pé fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìgbà náà, ọkọ̀ tuntun tí wọ́n kọ́kọ́ rà náà ni wọ́n rà kẹ́yìn. Kò sí ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ ṣáájú wọn. Ọkọ̀ náà ló gbé ìyàwó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tó rọbí. Òun ló gbé àkọ́bí lọ sí ilé ìwé gíga pẹ̀lú mátírẹ́ẹ̀sì lórí. Òun náà ló gbé òkú ìyá bàbá wálé. Ẹni tó bá wo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó rí irin nìkan, kò tíì rí ìdajì ohun tó wà níbẹ̀.

Báwo ni ọjà ṣe ń dá owó lé e?

Síbẹ̀, ọjà kì í wo omijé. Ó ní ohun tó ń wò. Èyí àkọ́kọ́ ni iye irú rẹ̀ tó wà láyé. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún ọdún 2022, wọ́n ta ọkọ̀ Mercedes kan ní gbàǹjo nílùú Stuttgart, lórílẹ̀-èdè Jámánì, ní 135,000,000 yúrò. Ọdún 1955 ni wọ́n ṣe é, méjì péré ni wọ́n sì ṣe. Ilé iṣẹ́ Mercedes ló ni ín, wọ́n sì ní owó rẹ̀ yóò lọ sí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́. Ferrari 250 GTO tí wọ́n ṣe láàárín 1962 sí 1964 kò ju 36 lọ. Ọ̀kan nínú wọn gba 48,400,000 dọ́là lọ́dún 2018, òmíràn sì gba 51,700,000 dọ́là lọ́dún 2023. Ṣùgbọ́n Ìjàpá tí wọ́n ṣe láyé lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógún. Èyí tó kẹ́yìn jáde ní ilẹ̀ Mexico ní oṣù keje ọdún 2003, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni 21,529,464. Ohun tó pọ̀ tó báyìí kò lè tètè wọ́n.

Èkejì ni bí ara ọkọ̀ náà ṣe wà. Ẹni tó ń ra ọkọ̀ àtijọ́ ń fẹ́ èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò yí padà, tí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sì bá ti inú ìwé mu. Bí wọ́n bá ti fi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mìíràn sí i, tí wọ́n fi bọ́ńpà ti ẹlòmíràn kàn án, owó rẹ̀ á wálẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìtàn tó ní ẹ̀rí lẹ́yìn. Kò tó kí ẹbí sọ pé ọba kan ló gun ọkọ̀ náà rí. Níbo ni ìwé rẹ̀ wà? Níbo ni fọ́tò rẹ̀ wà?

Èyí tó ṣe kókó jù lọ ni pé iye tí ọjà ń pè kì í dúró síbì kan. Ní ọdún 1964, wọ́n fi ọ̀kan nínú Ferrari 36 yẹn ta ilé ìwé girama kan ní Texas lọ́rẹ, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa fi kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Lọ́dún 1972, ilé ìwé náà tà á ní iye tí kò tó 10,000 dọ́là. Ẹni tó rà á gbé e sórí tírélà nínú pápá kan ní ìpínlẹ̀ Ohio, òjò ń pa á, oòrùn ń pa á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn aládùúgbò á ti máa wò ó pé irin ìdọ̀tí ni. Irú ọkọ̀ yẹn kan náà ni wọ́n ń ra ní ìdá àádọ́ta mílíọ̀nù dọ́là lónìí.

Èyí kò túmọ̀ sí pé gbogbo Píjò tó wà lábẹ́ igi máńgòrò yóò di mílíọ̀nù. Ó ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta 504 tí wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ti di irin ìdọ̀tí, èyí tó kù tó ṣì pé ń dín kù lọ́dọọdún. Àwọn tó ń ṣe fíìmù ń wá wọn. Fíìmù October 1 tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde lọ́dún 2014, tó sọ ìtàn ọdún 1960, kò ṣeé yà láìsí ọkọ̀ ayé ìgbà náà. Àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó náà ń háyà ọkọ̀ àtijọ́ tó bá tún ara ṣe. Ọjà rẹ̀ wà, àwọn onírin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù kọ́ ló sì ni ọjà ọ̀hún.

Ohun tí òṣùwọ̀n kò lè wọ̀n

Lọ́dún 1990, àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta, Daniel Kahneman, Jack Knetsch àti Richard Thaler, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n pín kọ́ọ̀pù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan, wọ́n ní kí wọ́n sọ iye tí wọ́n lè tà á. Wọ́n wá ní kí àwọn tí kò gba kọ́ọ̀pù sọ iye tí wọ́n lè rà á. Kọ́ọ̀pù kan náà ni, ọjọ́ kan náà sì ni. Síbẹ̀, iye tí àwọn tó ni ín ń pè tó ìlọ́po méjì iye tí àwọn tó fẹ́ rà á ń pè. Ìṣẹ́jú mélòó kan péré ni kọ́ọ̀pù náà sì ti wà lọ́wọ́ wọn! Kahneman gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2002, Thaler gba tirẹ̀ lọ́dún 2017. Bí ìṣẹ́jú mélòó kan bá lè sọ kọ́ọ̀pù di ọ̀wọ́n lójú ẹni tó ni ín, kí ni ogójì ọdún yóò ṣe sí ọkọ̀?

Àwọn ọkọ̀ kan tiẹ̀ wà tí ẹnikẹ́ni kò ní dá owó lé. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba tó wà ní Oníkàn l'Ékòó, ọkọ̀ Mercedes dúdú kan wà níbẹ̀ tí ihò ọta ìbọn wà lára rẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Mohammed, olórí orílẹ̀-èdè nígbà náà, sí ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì ọdún 1976. Lọ́wọ́ ẹni tó ń ra irin, ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ ni. Lójú Nàìjíríà, ìwé ìtàn ni. Àwọn ihò tó yẹ kó dín owó rẹ̀ kù gan-an ni àwọn èèyàn ń wọlé lọ wò.

Ti Cuba tún wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ọdún 1959, ọkọ̀ Amẹ́ríkà kò wọ erékùṣù náà mọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú ìyípadà náà nìkan ni òfin gbà kí aráàlú máa rà kí wọ́n sì máa tà fúnra wọn, títí di ọdún 2011. Nígbà tí ìjọba wá ṣí ọjà ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2014, Peugeot 508 tuntun kan wà nínú àtẹ ní Havana tí wọ́n kọ 262,000 dọ́là sí lára, ní ìlú tí owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba kò ju nǹkan bí ogún dọ́là lọ. Ìdí rèé tí àwọn ará Cuba fi ń tọ́jú Chevrolet àti Ford ayé àtijọ́ bí ọmọ. Wọ́n ń fi ẹ́ńjìnnì ilẹ̀ Rọ́ṣíà sí i, wọ́n ń gún páàtì fúnra wọn. Àwọn tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ lókè òkun lè ní ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti di àdàlù, ṣùgbọ́n òun ló ń bọ́ ìdílé tó ni ín. Kò sì yani lẹ́nu pé láàárín àwọn Lukumí, àtọmọdọ́mọ Yorùbá tó wà níbẹ̀, Ògún ni wọ́n ṣì gbà pé ó ni irin, gẹ́gẹ́ bí àwọn awakọ̀ nílé náà ṣe gbà.

Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́?

Níbi tí àlàfo tó wà láàárín owó ọjà àti iyì inú ilé ti máa ń dun èèyàn jù ni ọjọ́ tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Ínṣọ́ránsì tó kéré jù, tí òfin Nàìjíríà ní kí gbogbo ọkọ̀ ní, èyí tí owó rẹ̀ fún ọkọ̀ àdáni ti kúrò ní 5,000 náírà tó di 15,000 náírà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ohun tí ọkọ̀ náà bá bà jẹ́ fún ẹlòmíràn ló wà fún. Kò ní san kọ́bọ̀ lórí ọkọ̀ ẹni tó ni ín. Ínṣọ́ránsì ńlá, èyí tó kárí ohun gbogbo, iye tí ọjà ń pe ọkọ̀ náà lọ́jọ́ náà ló máa ń wò. Ilé iṣẹ́ ínṣọ́ránsì kò ní béèrè ẹni tí ọkọ̀ náà gbé lọ sí ilé ìwòsàn lọ́dún 1978.

Ní Bìrìtìkó, wọ́n ti wá nǹkan ṣe sí i. Ẹni tó ni ọkọ̀ àtijọ́ lè bá ilé iṣẹ́ ínṣọ́ránsì fi ẹnu kò sórí iye kan ṣáájú, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ìjọba ibẹ̀ náà kì í gba owó orí lórí ọkọ̀ tó bá ti pé ogójì ọdún, bí ẹni tó ni ín bá ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ohun tó yẹ kí ẹbí ṣe

Ọ̀rọ̀ náà kò gbọ́dọ̀ di ìjà láàárín bàbá àti ọmọ. Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹni tó ni ọkọ̀ sọ ìtàn rẹ̀ nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ọdún méje gbáko ni wọ́n fi yọ owó ọkọ̀ nínú owó oṣù bàbá òun, ojú tí yóò fi wo ọkọ̀ náà yóò yàtọ̀. Kí wọ́n kọ ìtàn náà sílẹ̀, kí wọ́n sì kó ìwé ọkọ̀, ìwé ẹ̀rí owó àti fọ́tò àtijọ́ sí ibì kan náà. Iyì inú ilé ni èyí ń tọ́jú, ó sì tún ń fi kún owó ọjà.

Èkejì ni pé ìfẹ́ tí kò ní ìtọ́jú kì í gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ìpata. Bàbá tó ní òun kò ta ọkọ̀ òun, tó sì fi í sílẹ̀ fún òjò, ó ń tà á díẹ̀díẹ̀ fún ilẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Kí wọ́n gbé e sábẹ́ òrùlé, bó tilẹ̀ jẹ́ páànù mẹ́rin péré. Kí wọ́n fi bíríkì tàbí igi gbé e kúrò lórí ilẹ̀ tútù, kí wọ́n yọ bátìrì, kí wọ́n fa epo àtijọ́ jáde nínú táńkì, kí wọ́n sì dí ibi tí eku lè gbà wọlé. Kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan máa yọ páàtì rẹ̀ lọ kan ọkọ̀ mìíràn.

Ẹ̀kẹta, bí ẹbí bá ti fẹnu kò pé wọ́n fẹ́ tà á, kí wọ́n má ṣe tà á fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá yà wọlé. Kí wọ́n pe mẹkáníìkì tó mọ irú ọkọ̀ náà dunjú. Kí wọ́n béèrè owó páàtì rẹ̀ ní Ládípọ̀ tàbí ní Gate n'Íbàdàn, torí ìgbà mìíràn wà tí ẹ́ńjìnnì àti gíà nìkan ju iye tí onírin dá lé odindi ọkọ̀ lọ. Kí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ẹni mẹ́ta ó kéré tán. Bí ọkọ̀ bá sì jẹ́ ti olóògbé, kí àwọn ọmọ kọ̀wé àdéhùn láàárín ara wọn, kí wọ́n sì rí i pé ìwé ọkọ̀ kúrò lórúkọ bàbá. Ọkọ̀ tí wọ́n tà láìgbé ìwé rẹ̀ kúrò lórúkọ ẹni tó ni ín lè gbé ẹjọ́ wálé.

Bí kò bá sì sí agbára láti tọ́jú rẹ̀, tí ìpata sì ti jẹ ẹ́ kọjá àtúnṣe, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí wọ́n jẹ́ kó lọ. Wọ́n lè yọ ìdarí rẹ̀, nọ́ńbà iwájú rẹ̀ tàbí ọwọ́ ìlẹ̀kùn kan pamọ́ sí pálọ̀. Kí wọ́n gba owó tó tọ́ sí ìyókù, kí wọ́n sì fi ṣe ohun tí bàbá yóò fẹ́.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Èèyàn ni wọ́n fi òwe náà bá wí, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ kan wà tó ti di ará ilé. Kí bàbá tó ní òun kò tà á sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ. Kí ọmọ tó fẹ́ tà á sì kọ́kọ́ jókòó gbọ́ ìdí náà, kó tó pe onírin wọlé.